Ọpọlọ ìpàkọ́ àwọn ọmọ wa: ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń bi mí nípa jíìnì tó ń kọ́ ọ

Ẹ kú déédé ìwòyí o. Tíṣà baọ́lọ́jì ni mí n'Ìjẹ̀bú-Òde. Láti ìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ṣe síkáánì, tí wọ́n ní ọpọlọ ẹ̀yìn orí ẹ̀ kéré ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn èèyàn ò jẹ́ n sinmi mọ́, ará ilé ń bi mí, àwọn ìyá tá a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń bi mí, àwọn ọmọ SS3 gbọ́, àwọn náà ń bi mí. Mo ti dáhùn lórí fóònù, lórí WhatsApp, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kódà níbi òkú àgbà. Mo wá ní kí n kó gbogbo ẹ̀ jọ síbì kan. Bí wọ́n ṣe bi mí gan-an ni mo ṣe kọ ọ́.

Tíṣà, kí tiẹ̀ ni ọpọlọ ẹ̀yìn tẹ́ ẹ ń sọ yìí? Ṣé ọpọlọ méjì lèèyàn ní ni?

Rárá o, ọpọlọ kan náà ni, àmọ́ ó ní apá-apá. Ẹ fọwọ́ kan ìpàkọ́ yín, níbi tí egungun orí ti fẹ́ kan ọrùn, inú ibẹ̀ ló wà. Cerebellum ni wọ́n ń pè é nínú ìwé, èmi máa ń pè é ní ọpọlọ ìpàkọ́ kó lè yé gbogbo wa. Tẹ́ ẹ bá fojú rí i, kò tóbi, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n gbogbo ọpọlọ ni, ara ẹ̀ sì ṣẹ́ wẹ́wẹ́ bíi gèlè tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó mọ gèlè wé. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Ní 2009, Suzana Herculano-Houzel àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Brazil gbé ìṣirò kan jáde, wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn kiri nínú ọpọlọ àgbàlagbà, ìyẹn níúrọ́ọ̀nù, tó bíi bílíọ̀nù 86, bílíọ̀nù 69 nínú ẹ̀ ló sì wà nínú ọpọlọ ìpàkọ́ nìkan. Ohun kékeré yẹn!

Iṣẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Ẹ rántí Òjúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, tí ọ̀kan nínú àwọn Balógun bá gun ẹṣin wọlé, tí ẹṣin ń jó, tí ìlù ń dún, tí ìbọn ń ró, ẹni tó wà lórí ẹṣin á na ọwọ́ kan sókè, á máa kí ọba, kò ní ṣubú. Kò jókòó ṣírò bó ṣe máa fẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀ tí ẹṣin bá fò, ọpọlọ ìpàkọ́ ẹ̀ ló ń bá a ṣe é láìsọ fún un. Ìrìn, ìdúró, ọ̀rọ̀ tó já gaara lẹ́nu, ojú tó ń tẹ̀ lé nǹkan tó ń lọ, gbogbo ẹ̀ ló lọ́wọ́ sí. Ó tún lọ́wọ́ sí bá a ṣe ń kọ́ nǹkan tuntun àti bá a ṣe ń ronú, èyí táwọn èèyàn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Jíìnì wá ńkọ́? Ṣé jẹ́nótáìpù náà ni, AA, AS?

Ẹ súnmọ́ ọn gan-an. AA àti AS tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn, jíìnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń wò níbẹ̀, èyí tó ń ṣe apá kan ohun tó ń gbé atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀. Jíìnì kọ̀ọ̀kan dà bí ìlànà kan tí wọ́n kọ sínú DNA tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Èèyàn ní bí 20,000 jíìnì tí ara ń fi ṣe purotéènì, ìyẹn ohun èlò tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́, gbogbo wọn sì wà nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara yín, sẹ́ẹ̀lì èékánná ní i, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ní i.

Ẹ̀rí mi ni pé ibí yìí ló ti máa ń dojú rú mọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́wọ́. Wọ́n á ní, tíṣà, tó bá jẹ́ pé ìkan náà ni gbogbo sẹ́ẹ̀lì gbé dání, kí ló dé tí èékánná ò di ọpọlọ? Mo máa ń fi oríkì ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn. Oríkì ìdílé yín gùn, odindi ẹ̀ ló wà lórí ìyá àgbà, àmọ́ kì í kì í tán lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ ìyàwó ló ń lọ sílé ọkọ, apá kan ló máa kì, tó bá jẹ́ òkú ló sùn, apá mìíràn ni, tí ọmọ bá kàn kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, á ké e ní ìlà méjì. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì. Gbogbo wọn ló mọ oríkì náà, ibi tí sẹ́ẹ̀lì wà, àsìkò tó jẹ́ àtẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló ń sọ apá tó máa kì. Tẹ́ ẹ bá di èyí mú, gbogbo ohun tó kù á yé yín.

Ìgbà wo ni kíkọ́ ọpọlọ ìpàkọ́ bẹ̀rẹ̀?

Nígbà tí ìyá lè má tíì mọ̀ dájú pé òun lóyún. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkarùn-ún, ọpọlọ ọmọ ò tíì jọ ọpọlọ, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni. Lápá iwájú páìpù yẹn, jíìnì kan tó ń jẹ́ Otx2 ló ń ṣiṣẹ́, lápá ẹ̀yìn, òmíràn tó ń jẹ́ Gbx2 ni. Ìkan ò fẹ́ kí ìkejì wọ ilẹ̀ òun, wọ́n á máa ti ara wọn títí wọ́n á fi ní ààlà.

Ẹ ṣáà mọ bá a ṣe ń ṣe é níbí tí ìdílé méjì bá pín ilẹ̀, pèrègún ni wọ́n ń gbìn sí ààlà. Ara náà gbin pèrègún tiẹ̀ síbẹ̀, Fgf8 àti Wnt1 lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n pèrègún yìí ń sọ̀rọ̀ ni. Fgf8 á máa tú jáde látibi ààlà, sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn ààlà gbọ́ ọ, ó di ọpọlọ ìpàkọ́, èyí tó wà níwájú ààlà gbọ́ ọ, ó di ọpọlọ àárín.

Báwo la ṣe mọ̀? Ní 1990 wọ́n yọ Wnt1 kúrò lára àwọn eku kan, ọpọlọ ìpàkọ́ àti ọpọlọ àárín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Àwọn míì mú ìlẹ̀kẹ̀ bíńtín tí wọ́n rẹ sínú Fgf8, wọ́n fi sí ibòmíràn nínú orí ọmọ adìyẹ tó ṣì wà nínú ẹyin, àfi bí apá ọpọlọ tí kò yẹ kó hù níbẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo pa ìwé dé, mo jáde síta lọ dúró díẹ̀. Ohun bíńtín, tẹ́nì kan bá ti sọ ọ́ síbi tí wọ́n ti lè gbọ́, odindi apá ọpọlọ á dìde!

Ṣé ibì kan náà ni gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ ti wá?

Ó tì o. Ẹ̀yin ará Ṣàgámù lẹ máa gbọ́ èyí yé jù. Ní 1872, ìlú mẹ́tàlá ló kó wá síbì kan tó di Ṣàgámù, Ọ̀fin wà níbẹ̀, Makún wà níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú ọba ẹ̀ àti àdúgbò ẹ̀, wọ́n sì jọ ń gbé títí dòní. Ti ọpọlọ ìpàkọ́, ìlú méjì ló kó wá.

Ìlú àkọ́kọ́ wà lára ògiri ihò olómi tó wà nínú ọpọlọ. Jíìnì tó ń darí ibẹ̀ ni Ptf1a. Ibẹ̀ làwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ pé "rọra, dúró" ti ń wá, àgbà wọn sì ni sẹ́ẹ̀lì Purkinje. Ìlú kejì wà létí ihò yẹn, wọ́n ń pè é ní ètè torí bó ṣe yọ síta. Atoh1 ló ń darí tibẹ̀, ibẹ̀ làwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ pé "ó yá, lọ" ti ń jáde, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ni granule, tí èmi ń pè ní sẹ́ẹ̀lì gàrí. Ẹ má fi orúkọ yẹn ṣeré, ó bá a mu, torí wọ́n kúnná, wọ́n sì pọ̀ bíi gàrí Ìjẹ̀bú. Bílíọ̀nù 69 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo ẹ̀.

Ní 1997 wọ́n rí i pé tí eku ò bá ní Atoh1, kò ní sí sẹ́ẹ̀lì gàrí kankan. Jíìnì kan náà yẹn ló tún ń ṣe sẹ́ẹ̀lì tá a fi ń gbọ́ràn nínú etí. Ptf1a náà bẹ́ẹ̀, òun ló tún ń ṣe pancreas, ẹ̀yà ara inú ikùn tó ń bá wa darí ṣúgà, tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ díẹ̀ kan wà láyé tí méjèèjì jíìnì Ptf1a wọn bàjẹ́, wọ́n bí wọn pẹ̀lú àtọ̀gbẹ, wọn ò sì ní ọpọlọ ìpàkọ́. Dọ́kítà tó bá ń wo ṣúgà nìkan lè má ronú kan ìpàkọ́, jíìnì ló so ibi méjèèjì pọ̀. Oríkì náà ni, ojúde tí wọ́n ti kì í ló yàtọ̀.

Ta ni Purkinje tẹ́ ẹ ń dárúkọ ẹ̀ yẹn?

Ọkùnrin ará Czech kan ni, Jan Purkyně. Ní 1837 ló sọ fáyé nípa sẹ́ẹ̀lì náà. Lẹ́yìn ẹ̀, Santiago Ramón y Cajal, ará Spéìn, yàwòrán ẹ̀ débi pé tẹ́ ẹ bá rí i ẹ máa rò pé igi ni, ẹ̀ka lórí ẹ̀ka. Cajal gba Nobel ní 1906.

Ẹ ní àwọn sẹ́ẹ̀lì gàrí pọ̀ tó báyẹn, ta ló ń sọ fún wọn pé kí wọ́n pọ̀?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, ọmọbìnrin kan tó ń jókòó lẹ́yìn kíláàsì ló bi mí, kì í sábà sọ̀rọ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀lì gàrí kúrò ní ètè, wọn ò kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n á tẹ́ lọ sórí ọpọlọ ìpàkọ́, wọ́n á bò ó bí ìgbà tẹ́ ẹ da aṣọ bo nǹkan. Sẹ́ẹ̀lì Purkinje wà lábẹ́ wọn. Purkinje á wá máa ṣe purotéènì kan, Shh, á máa fi ránṣẹ́ sókè sí wọn. Ara sẹ́ẹ̀lì gàrí ní ohun tó ń gbà á, ìyẹn Ptch1. Ẹ wo Ptch1 bíi bíréèkì ọ̀kadà tí ẹsẹ̀ ti wà lórí ẹ̀ látilẹ̀wá, tí Shh bá dé, ẹsẹ̀ á kúrò lórí bíréèkì, sẹ́ẹ̀lì á pín sí méjì, méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ, báyẹn báyẹn. Ní 1999 ni àwọn ẹgbẹ́ olùwádìí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gbé èyí jáde nínú ọdún kan náà. Ìdí nìyẹn tí ara ọpọlọ ìpàkọ́ fi ń ṣẹ́ bíi gèlè: sẹ́ẹ̀lì pọ̀ jù fún ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó ní láti ká, tí Shh bá kéré, ìṣẹ́po á kéré.

Ẹ gbọ́ ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀. Purkinje ò fẹ́ káwọn gàrí pọ̀ lásán, àwọn gàrí yìí kan náà ló máa wá jẹ́ onílé etí ẹ̀ tí wọ́n bá dàgbà, àwọn ló máa máa gbé ìròyìn wá fún un. Ó ń pe àwọn tó máa bá a sọ̀rọ̀ lọ́la. Àwọn gàrí náà ò sì jẹ ẹ́ ní gbèsè, wọ́n ń ṣe purotéènì tiwọn, Reelin, òun ló ń sọ fún Purkinje ibi tó máa tò sí. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè, inú orí ọmọ tí wọn ò tíì bí ni wọ́n ti ń ṣe é.

Kí ni Shh? Orúkọ wo nìyẹn?

Sonic hedgehog ni ó dúró fún. Wọ́n kọ́kọ́ rí jíìnì hedgehog lára eṣinṣin kékeré tó máa ń yí èso tó pọ́n jù ká, ọmọ eṣinṣin tí jíìnì yẹn bàjẹ́ lára ẹ̀ á kún fún ṣóńṣó ṣóńṣó bí ẹranko ẹlẹ́gùn-ún tó jọ òòrẹ̀. Christiane Nüsslein-Volhard àti Eric Wieschaus gba Nobel ní 1995 fún iṣẹ́ orí eṣinṣin yẹn. Nígbà tí wọ́n rí ẹ̀dà ẹ̀ lára ẹranko eléegun, gèèmù Sonic táwọn ọmọ ń ta ló wọ́pọ̀ nígbà yẹn, ni wọ́n bá sọ ọ́ lórúkọ ẹ̀.

Báwo ni sẹ́ẹ̀lì tí kò lójú tí kò lẹ́sẹ̀ ṣe ń mọ̀nà débi tó ń lọ?

Tí sẹ́ẹ̀lì gàrí bá ti pín tó, ó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kọjá Purkinje lọ sísàlẹ̀. Ìrìnàjò gidi ni. Sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń pè ní Bergmann glia tó na okùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, sẹ́ẹ̀lì gàrí á dì mọ́ okùn yẹn, á máa yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí adẹ́mu ń fi igbà sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ. Pasko Rakic ló fi ọpọlọ ọ̀bọ hàn wá ní 1971. Jíìnì ló ń ṣe ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń dì mọ́ okùn, jíìnì ló sì ń sọ ìgbà tó máa jọ̀wọ́ ẹ̀.

Ti Reelin, ìtàn ẹ̀ ti pẹ́. Ní 1951 ní Edinburgh, ìròyìn jáde nípa eku kan tó ń ta gọ́-gọ́-gọ́ tó bá ń rìn, wọ́n pe irú ẹ̀ ní reeler. Ó tó 1995 kí wọ́n tó rí jíìnì tó bàjẹ́ lára ẹ̀, ìyẹn ọdún mẹ́rìnlélógójì! Nínú ọpọlọ eku yẹn, Purkinje ò tò bó ṣe yẹ, wọ́n ṣù jọ sísàlẹ̀ bí èrò tí kò sẹ́ni tó júwe ibùdó fún. Torí Purkinje ò rọ́wọ́ tó òkè, Shh tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn gàrí ò tó, àwọn náà ò pọ̀. Ẹ rí i, ìkan ló bàjẹ́, gbogbo ilé ló mì.

Tí wọ́n bá dé ibùjókòó wọn, ó tán nìyẹn?

Ó ku okùn síso, ìyẹn okùn tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Purkinje kan lè gba ìròyìn látọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì gàrí tó lé ní 100,000. Okùn mìíràn tún ń ti ìsàlẹ̀ ọpọlọ wá, ó ń gùn ún bí iṣu ṣe ń gun igi. Níbẹ̀rẹ̀, irú okùn yẹn mélòó kan máa ń bá ara wọn du Purkinje kan, nígbà tó bá yá ìkan ṣoṣo ló máa kù, àwọn yòókù á kógbá wọn sílé. Jíìnì wà nídìí ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ìlò pẹ̀lú ń dá sí i, ìyẹn ni pé ohun tí ọmọ ń ṣe ń wọ inú okùn.

Ṣé gbogbo èyí ti parí kí wọ́n tó bí ọmọ?

Rárá, rárá, rárá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ èyí fún gbogbo ìyá tẹ́ ẹ bá mọ̀. Aṣọ sẹ́ẹ̀lì gàrí tó bo òde ọpọlọ ìpàkọ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá bímọ, inú ọdún kìíní sí ìkejì ló tó ń tán. Nígbà tí ẹ bá ń rí ọmọ tó ń jókòó tó ń ṣubú, tó di tábìlì mú dìde, tó gbé ẹsẹ̀ kan tó wó lulẹ̀, nínú ìpàkọ́ ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí igbà lọ́jọ́ yẹn. Ti eku, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìbí ló ti parí.

Oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn oyún ni ọpọlọ ìpàkọ́ ń dàgbà kíákíá jù, ìdí nìyẹn tí ọmọ tó wáyé kí oṣù ẹ̀ tó pé fi nílò àmójútó pàtàkì. Ọmọ oṣù méje yè, ó sanra, a dúpẹ́, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó tán síbẹ̀, ẹ máa gbé e lọ fún àyẹ̀wò ìdàgbàsókè lóòrèkóòrè.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ tí jíìnì kan bá ní àléébù?

Ó sinmi lé jíìnì tó jẹ́ àti àsìkò tó yẹ kó sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ilé lè má dúró rárá, tó bá jẹ́ lẹ́yìn, ilé á dúró, yàrá kan ni ò ní pé.

Àìsàn Joubert wà, dọ́kítà obìnrin kan, Marie Joubert, ló kọ nípa ẹ̀ ní Kánádà ní 1969. Jíìnì tó lè fà á lé ní ọgbọ̀n, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń tọ́jú irun bíńtín kan tó wà lára sẹ́ẹ̀lì bí eriali, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń gbọ́ Shh nìyẹn. Tí eriali bá wó, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń sọ ọ́, etí ò gbọ́. Lórí síkáánì, àárín ọpọlọ wọn á rí bí eyín ńlá ẹ̀yìn ẹnu tá a fi ń lọ ẹran. Ọmọ náà á rọ̀, ó lè máa mí kíákíá lẹ́yìn náà kó dánu dúró díẹ̀.

VLDLR náà wà, òun ni ọ̀kan nínú etí tí Purkinje fi ń gbọ́ Reelin. Ní 2008, àwọn olùwádìí kọ nípa àwọn ìdílé kan ní Tọ́kì tí jíìnì yìí bàjẹ́ lára àwọn kan nínú wọn, ìdúró le fún wọn débi pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Àwọn kan sáré sọ pé wọ́n padà di ẹranko. Inú bí mi gidi gan-an. Èèyàn tó rí ọ̀nà tí òun ò fi ní ṣubú ni wọ́n, ọgbọ́n ni wọ́n lò.

Jẹjẹrẹ ọpọlọ tó ń ṣe àwọn ọmọdé, ṣé ó kan ọ̀rọ̀ yìí?

Ó kàn án. Medulloblastoma lorúkọ èyí tí mò ń sọ, inú ọpọlọ ìpàkọ́ ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì wà lára jẹjẹrẹ ọpọlọ tó wọ́pọ̀ jù lára ọmọdé. Oríṣi mẹ́rin ni wọ́n pín in sí. Ẹ rántí bíréèkì Ptch1, nínú oríṣi kan, bíréèkì ló já. Sẹ́ẹ̀lì gàrí tó yẹ kó ti dáwọ́ dúró, kó di àgbà, kó sọ̀ kalẹ̀, ń pín nìṣó. Ohun kan náà tó kọ́ ilé ló ń wó o, torí pé kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Tí ọmọ bá ń ní ẹ̀fọ́rí àti èébì láràárọ̀, tí ìrìn ẹ̀ sì ń burú sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má dúró de ìsọjí ọjọ́ Ẹtì, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. OOUTH ní Ṣàgámù ò jìnnà sí wa.

Tíṣà, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ṣé kì í ṣe ayé ló ń ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n yín?

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe lọ.

Ọmọ náà pé ọdún kan, kò lè dá jókòó. Ọsibítù aládàáni kan ní ọ̀lẹ ọmọ ni, á rìn tó bá wù ú. Àgbà kan ní ìyá ẹ̀ ló gba ibi tí kò yẹ kó gbà lásìkò Agẹmọ nígbà tó lóyún. Wòlíì kan ní ìyá ọkọ ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kẹta yìí ló ba ilé jẹ́ jù, torí láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ò ti jẹ́ kí ìyá ọkọ ẹ̀ gbé ọmọ mọ́, ìyá yẹn sì fẹ́ràn ọmọ yìí bí ojú. Ó lé ní ọdún kan tí ìyá àgbà fi ń wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, á gbé àpò ọ̀gẹ̀dẹ̀ kalẹ̀, á yí padà. Ìgbà tí síkáánì jáde, tí mo jókòó ti àwọn méjèèjì, mo fi bírò yàwòrán Purkinje àtàwọn gàrí sẹ́yìn káàdì ọsibítù, mo ní ẹ wò ó, ibí yìí ló ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí ọmọ ò tíì ju ẹ̀wà lọ, kò sẹ́ni tó dé ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún. Ìyá àgbà ní, ṣé mo lè gbé e báyìí?

Irú àléébù yìí, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló ń lọ bíi AS àti AS. Bàbá gbé ẹ̀dà kan tó bàjẹ́, kò mọ̀, ara ẹ̀ le, ìyá náà bẹ́ẹ̀, tí ọmọ bá gba méjèèjì, ó ti ṣẹlẹ̀, ìkan nínú mẹ́rin ni fún oyún kọ̀ọ̀kan. Nígbà míì, kò sí lára bàbá, kò sí lára ìyá, ọjọ́ tí wọ́n ń da DNA kọ láti ṣe àtọ̀ tàbí ẹyin ni lẹ́tà kan ṣì. Mi ò rí ẹ̀bi ìyá nínú méjèèjì. Mo sì ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin ọkọ náà, ẹ má lé obìnrin jáde torí èyí.

Ṣé jíìnì nìkan ló ń pinnu ẹ̀ ni? Kí la lè ṣe tó wà lọ́wọ́ wa?

Jíìnì ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ó nílò ohun èlò. Omi tairọ́ìdì, èyí tí ẹ̀yà ara kékeré kan níwájú ọrùn ń ṣe, ló ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì gàrí sọ̀ kalẹ̀ lásìkò, tó sì ń jẹ́ kí Purkinje yọ ẹ̀ka. Áyódíìnì lara fi ń ṣe é, torí náà iyọ̀ aláyódíìnì ni kẹ́ ẹ máa rà, kẹ́ ẹ sì dé e dáadáa. Ọtí ń pa Purkinje ọmọ inú, mo ní kí n sọ ọ́ gbangba, párága ọtí ni, ògógóró tí wọ́n fi rẹ egbò ọtí ni, kó jẹ́ "ewé àti egbò" kò yọ ọ́. Fólíkì ásíìdì, ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kí oyún tó dé tó bá ṣeé ṣe. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù ní kùtùkùtù.

Eku, eku, eku. Ṣé eku ni èèyàn?

Ó dáa tẹ́ ẹ bi mí. Jíìnì tí mo dárúkọ, eku ní i, adìyẹ ní i, àwa náà ní i, orúkọ kan náà. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń lò ó yàtọ̀ díẹ̀. Ní 2019 wọ́n rí i pé ètè inú ọpọlọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ti èèyàn pẹ́ láyé ju ti eku lọ, ó sì pín sí ìpele tí eku ò ní, ibẹ̀ sì ni àwọn àléébù kan ti ń bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò lè rí lára eku. Ní 2023, àwọn kan ní Heidelberg ní Jámánì fi èèyàn, eku àti opossum, ẹranko kékeré kan ní Amẹ́ríkà, wéra ní sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n Purkinje nínú ọpọlọ ìpàkọ́ ọmọ èèyàn ní ìbẹ̀rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tàwọn yòókù. Iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́.

Tíṣà, tí mo bá fẹ́ máa ṣe irú iṣẹ́ yìí ńkọ́?

Ọmọbìnrin ẹ̀yìn kíláàsì yẹn náà ló bi mí. Baọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì, físíìsì, máàtì, Gẹ̀ẹ́sì, mú gbogbo ẹ̀ ní kírédíìtì, gba fọ́ọ̀mù JAMB, mú anatomy, physiology tàbí biochemistry. OOU, yunifásítì ìpínlẹ̀ wa, ní ẹ̀ka ìṣègùn ní Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́ níbí, o ò ní láti jìnnà sílé. Wá bá mi ní ọ́fíìsì, mo ní àwọn ìwé tí mo lè yá ẹ.

Ọmọ náà ńkọ́ báyìí?

Ó ti pé ọdún márùn-ún. Owó àyẹ̀wò jíìnì ò tíì jọ, torí náà mi ò lè sọ fún yín pé jíìnì báyìí ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń lọ sọ́dọ̀ oní-físíò, ìyá bàbá ẹ̀ ló ń gbé e lọ. Ó ti ń dìde fúnra ẹ̀, ó máa ń ya ẹsẹ̀ gbàràgàdà kó má bàa ṣubú, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń fà díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ohun gbogbo. Iléyá tó kọjá, ọrùn mi ló jókòó sí tá a fi wo Òjúde Ọba, bí ẹṣin ṣe ń jó ni òun náà ń jó lórí mi, mo di ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì mú, ó na ọwọ́ kan sókè.